Bí Muslimat Ṣe Tọrọ Ilé Ìwé Mẹ́rin

Mo fi ààwẹ̀ ọdún márùndínlọ́gọ́ta tí mo ti gbà búra, kò sí àbùlà kankan nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Èmi tí mo kọ́ ara mi ní ìwé kíkà lára bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ní Bẹẹrẹ, tí mo ti mọ̀ ọ́n kà ju tíṣà lọ kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ni mo fẹ́ fi irọ́ ṣe?

Muslimat ni ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Àtọ́kẹ́, ìyá bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ. Láti kékeré lọmọ yìí ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe. Adìẹ tó bá ṣẹ́sẹ̀ nílé wa, òun ló ń bá a di í. Mo rí àkùkọ kan tó tọ́jú: lọ́jọ́ kejì, ó fò kọjá òrùlé Màpó.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó gba fọ́ọ̀mù ilé ìwé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Wọn ò mú un. Nígbà tí ọdún yípo, Àtọ́kẹ́ ní bí eléyìí ò bá tún bọ́ sí i, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Mọ́lẹ́tẹ̀. Ọmọ wá ní fọ́ọ̀mù púpọ̀ lòun máa gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ariwo sọ.

“Mélòó?”

“Bóyá mẹ́fà, Màmá.”

“Mẹ́fà! Ọmọbìnrin ilé yìí kì í jẹ́ hẹn fún ọkùnrin mẹ́fà. Bí gbogbo wọn bá dé lọ́jọ́ kan náà ńkọ́? Ojú wo la ó fi wo àwọn tá a bá dá padà? Ẹyọ kan ni o!”

Muslimat sunkún wá bá mi. Mo wé láwàní mi, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Akọ̀wé ti dé,” Àtọ́kẹ́ ní. Ìyàwó ilé ni, kì í pe orúkọ mi. Orúkọ tó sọ mí lọ́jọ́ tó wọlé nìyẹn. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé nídìí ẹ̀pà, ẹ wá bá wa dá sí i.”

“Àtọ́kẹ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ́ ọ, ta ló wá kanlẹ̀kùn ta?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ta ló dọ̀bálẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni. Ẹ tiẹ̀ pẹ́ nílẹ̀.”

“Ilé ìwé wo ló wá dọ̀bálẹ̀ fún Muslimat rí? Òun ló ń lọ kanlẹ̀kùn wọn. Òun lọkọ! Àwọn ilé ìwé nìyàwó!”

“Ó dáa,” Àtọ́kẹ́ ní. “Bó bá jẹ́ òun lọkọ, Ọlọ́run ò yọ̀ǹda ju mẹ́rin lọ.”

Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni yóò já sí. “Allāhu Akbar” tí agboolé ké lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ lórí òkè Màpó.

Muslimat yọ méjì kúrò, ó fi fóònù kọ mẹ́rin tó kù ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ ò dáhùn. Ìkejì ní àyè ti kún. Ìdánwò ìkẹta bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìkẹrin. Ti ìkẹrin ló lọ ṣe, wọ́n sì mú un: ipò kejì nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Ọpọlọ mi ló jogún.

Ó ti wọ ọdún kẹta báyìí. Bó bá wálé nínú aṣọ funfun rẹ̀, Àtọ́kẹ́ á mú un gba Ọjà'ba kọjá láìní ohunkóhun í rà, kí wọ́n ṣáà lè rí wọn.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, Àtọ́kẹ́ wà láàyè, ó wà nílé ní Bẹyẹrúnkà. Ẹ lọ bi í. Kò fẹ́ràn mi débi tó máa fi parọ́ gbè mí.