Ògì Àárọ̀ Àbúrò Mi

Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun ní Èkó kì í jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ìjà bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀rù májèlé ń bà wọ́n. Ọwọ́ ìyá ẹni tàbí ọmọ ìyá ẹni nìkan ni wọ́n ti ń gba oúnjẹ. Ìyá wa ti kú, nítorí náà ọwọ́ mi ni àbúrò mi ọkùnrin ti ń jẹ, nílé ọkọ mi ní Ìsọlọ̀. Ọkọ mi yìí kan náà ló ń kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́.

Láràárọ̀, àbúrò mi á sáré dé ojú irin Òṣòdì, á sáré padà, ọkọ mi á sì gbé ife ògì tí mo pò fún un. Mo rò pé ìfẹ́ àna ni.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi mu ún kù. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í da oúnjẹ nù; mo gbé ìyókù, mo mu ún. Kò pẹ́ ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Mo fọ gbogbo aṣọ ilé, mo fọ ti aládùúgbò mọ́ ọn, síbẹ̀ oorun ò kùn mí. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé àbúrò mi náà kì í sùn mọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ká ọkọ mi mọ́bi tó ti ń fi ìdí ṣíbí fọ́ hóró oògùn òyìnbó sínú ife.

“Kì í jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ ni,” ló wí. “Tó o bá sọ ọ́ síta, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Kí lo máa wá fún àwọn ọmọ wa jẹ?”

Mo lọ bá àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní mi ò mọ̀? Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ó korò, inú ògì yín nìkan ni mo ti lè gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú àṣírí wa.”

Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n la ife náà mọ́ ọn lórí. Bí mo bá po ògì, mò ń sìn ín lọ sí sàréè. Bí mi ò bá pò ó, wọ́n á ní mo dalẹ̀. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ọjà tèmi ò tilẹ̀ ní ẹlòmíì nínú ju ọkọ mi àti ọmọ ìyá mi lọ. Mo há. Mo ń po ògì, mo ń sunkún sídìí ààrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, mo sì ń wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń gbé síńgílẹ́ẹ̀tì sókè sódò. Mo bo ìyókù ògì mọ́ abẹ́ ìborùn mi, mo tẹ̀ lé wọn lọ. Níbi tí dókítà ti ń yẹ àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò wò, mo kúnlẹ̀.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ àyà rẹ̀ dáadáa. Ohun tí wọ́n ń fún un mu nìyí.”

Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tún wọ̀ ọ́ mọ́ láé.

Ọkọ mi bínú, ó bínú títí tó fi sú u, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ mi. Àbúrò mi wà láàyè, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Gbogbo ọdún Iléyá ló ń wá kí mi, á dọ̀bálẹ̀, a ó sì jọ ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé oúnjẹ dé, á ní, “Mo ti yó, ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo ṣì ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Bó bá lọ tán, èmi ni mo ń jẹ ẹ́. N kì í da oúnjẹ nù.