Màrìwò Lórí Ọkọ̀ Ẹja

Ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí ilé Tíṣà Ayọ̀rìndé ní Ìgèdè-Èkìtì níbí. Títì nìkan ló wà láàárín wa. Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti bisikíìtì ni mo ń tà, ọjà kì í sì í yá tó bẹ́ẹ̀ tí n kò ní ráyè wo ojú ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má wá pè mí ní olófòófó o. Ẹni tí àga rẹ̀ dojú kọ ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, ṣé ojú ọ̀run ni kó máa wò?

Ìṣirò ni Tíṣà kọ́ àwọn ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, àgbà ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Bó bá ń kí ènìyàn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń máàkì onítọ̀hún. Ìyàwó rẹ̀, Monínúọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Oore-ọ̀fẹ́, òun gan-an ni ariwo ilé náà. Láti ibi ìdáná rẹ̀ ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lódìkejì títì, èmi náà á sì dá a lóhùn láì dìde. Ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà tí Oore-ọ̀fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, bímọ sí Kánádà, Màmá di ẹrù, ó ní òun ń lọ wẹ ọmọ. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n dá. Kí ọmọ tó rìn, oyún òmíràn ti dé. Wọ́n wẹ ìyẹn náà. Oore-ọ̀fẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́, wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò máa wo àwọn ọmọ. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ ti ń kàwé báyìí, Màmá ò tíì dé. Tíṣà wá ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Kánádà kó lè lọ bá wọn, àwọn tó ń fúnni ní ìwé náà ní rárá. Ó tún wá a, wọ́n tún ní rárá.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Bí ìyàwó ènìyàn bá kú, ìlú á rọ́ dé. Wọn á gbé ìjókòó wá, wọn á dáná, àwọn kan á tilẹ̀ bá a sun ilé kó má baà dá nìkan wà. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ènìyàn bá lọ wẹ ọmọ lókè òkun tí kò dé mọ́, "Ẹ kú oríire" là ń kí i. Wọ́n kí Tíṣà kú oríire ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kí i ní báńkì, wọ́n kí i níbi tó ti ń gé irun. Á ní, "A dúpẹ́ o." Á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà títí ilẹ̀ á fi mọ́, n kò ní gbọ́ ohùn kankan ńlé yẹn mọ́, àfi ti rédíò.

Ojú tó ń dùn ún ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹja. Ilé ìwòsàn ojú kan wà ní Fájuyì, ní Adó, níbi tó ti ń gba oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, wọ́n gbé àpótí dígí ńlá kan síbẹ̀, ó gùn tó àgbàlagbà tó nà gbalaja. Omi ló kún inú rẹ̀, ẹja pupa àti ẹja aláwọ̀ wúrà ń lúwẹ̀ẹ́ kiri níbẹ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé bí òun bá ti wọlé báyìí, àwọn ẹja náà á wá sẹ́bàá dígí, wọn á máa yanu sí òun.

Mo ní, "Tíṣà, oúnjẹ ni wọ́n ń wá."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wá."

Ó wá di pé ó ń lọ sí Adó nígbà tí oògùn ojú kò tíì tán. Kò pẹ́ sí i, Dókítà Ìdùnnúolúwa tó ni ilé ìwòsàn náà ní òun ń kó lọ sí Àbújá. Ó ní ẹni tó bá lè gbé àpótí yẹn láìfọ́ ni kó máa gbé e lọ, tòun tẹja. Tíṣà ní òun á gbé e. Dókítà obìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, ta ló wà nílé tí yóò bá yín gbé e wọlé?"

Tíṣà ní, "Wọ́n pọ̀ ńbẹ̀." Irọ́ gbuu.

Olúwarótìmí, ọmọ ìlú wa tó ń wa bọ́ọ̀sì kékeré láti Ìgèdè sí Adó, ló bẹ̀ lọ́wẹ̀. Òun ló sọ bí ọ̀nà ṣe rí fún mi, kì í sì í purọ́ àfi tó bá wà nídìí ọkọ̀. Ó tú àwọn ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Wọ́n gbọ́n omi inú àpótí náà sínú kẹ́ẹ̀gì, torí ẹja kì í bá omi àjèjì rẹ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n kó àwọn ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí, Tíṣà sì gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú. Síbẹ̀, ìdí àpótí yọ síta lẹ́yìn ọkọ̀, ilẹ̀kùn kò ṣeé tì, wọ́n bá fi okùn so ó. Àwọn nọ́ọ̀sì mú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun wá, wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀ kí eruku àti òkúta má baà bà á jẹ́.

Kí wọ́n tó gbéra, Tíṣà sọ fún un pé, "Rótìmí, bí dígí yìí bá fọ́, má wulẹ̀ gbé mi délé." Rótìmí rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun wojú Tíṣà, ẹ̀rín náà kú sí òun lẹ́nu.

Wọn ò tíì jáde ní Adó tí ìyà fi bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni Rótìmí ń rìn, àwọn tó wà lẹ́yìn ò sì fẹ́ jẹ́jẹ́. Fèrè ń dún, ọlọ́kadà ń gba ọ̀tún gba òsì, wọ́n ń ṣépè fún un. Nígbà tí wọ́n dé apá Baṣìrì, ọkọ̀ akẹ́rù kan sáré kọjá lára wọn, ó sì ya bọ́ síwájú wọn lójijì. Rótìmí tẹ bíréèkì. Dígí ké lẹ́yìn. Tíṣà pariwo, "Jésù!" ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ra.

Kò fọ́. Rótìmí wa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fa àdá yọ lábẹ́ ìjókòó, ó wọ inú igbó. Màrìwò tútù ló gbé jáde. Ó so ó mọ́ iwájú ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó tan iná ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan.

Tíṣà ní, "Kí nìyẹn?"

"Bàbá, kò sí awakọ̀ tó ń bá òkú du ọ̀nà."

"Kò sí òkú nínú ọkọ̀ yìí."

"Èmi náà mọ̀. Àwọn ni ò mọ̀."

Tíṣà ní irọ́ ni, irọ́ sì lẹ́ṣẹ̀. Rótìmí ní kò burú, kí àwọn tú màrìwò náà, ṣùgbọ́n kí Tíṣà má bi òun léèrè dígí mọ́. Àgbà ìjọ ṣí ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo ẹja, ó dé e padà. "Máa lọ," ó ní.

Ọ̀nà sì là. Ẹni tó ń ṣépè tẹ́lẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọlọ́kadà ṣí fìlà. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìyìn, àwọn ọlọ́pàá gbé igi ojú ọ̀nà kúrò láìbéèrè ohunkóhun, èyí tí n kò rí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Tíṣà doríkodò, ojú ń tì í. Àwọn tó rí i gbà pé ìbànújẹ́ ni.

Bí wọ́n ṣe wọ ìlú nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Mo rí ọkọ̀ tó ń rọra bọ̀, màrìwò níwájú, iná títàn, aṣọ funfun lórí ohun gígùn kan lẹ́yìn. Mo dìde dúró bó ṣe yẹ. Mo ní kó kọjá kí n tó jókòó. Kò kọjá. Ilé Tíṣà ló yà sí.

Mo ká ọwọ́ lérí. Ta ló tún kù tí wọn ìbá gbé wá sílé yẹn? Mo kígbe, "Monínúọlá o!" Mo sọdá títì láì wo ọ̀tún tàbí òsì. Obìnrin kan lẹ́yìn mi gbé e, "Yéè! Ọ̀n ti gbé e dé ulé o!" Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, àgbàlá ti kún. Adébíyìí káfíńtà ṣí fìlà, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn tí wọn ò tíì fẹsẹ̀ kan ilé yẹn láti ìgbà tí Màmá ti lọ, gbogbo wọn dé.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dání. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi..." Wọn ò jẹ́ kó sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀, Tíṣà. Ẹ má sọ nǹkan kan." Ẹnì kan gbá a mọ́ra. Ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Adébíyìí ní, "Pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pẹ̀lẹ́. A mọ̀ pé ó nira fún yín."

Tíṣà bú sẹ́kún.

Mo mọ ẹkún ẹ̀tàn, mo sì mọ ẹkún tó ti pẹ́ nínú. Òun tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kú, òun ló sunkún ju gbogbo wa lọ. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí ohun kan tó ta pọ́ún nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi fò sí i láṣọ.

Mo ní, "Tíṣà, kí ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn?"

Ó nu ojú. "Ẹja ni."

Àwọn ọkùnrin ti ń gbé àpótí sọ̀ nígbà náà. Aṣọ funfun yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Dígí ni gbogbo wa rí, ojú wa sì ni a rí nínú rẹ̀. Adébíyìí ní, "Òkú dà?" Rótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láti ọ̀nà jínjìn, ó ti mọ̀ pé igbájú ń bọ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n ní a kì í fi òkú ṣeré. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń pa ẹni tí ẹ̀rù ti bà tẹ́lẹ̀. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí mo tún fi sunkún.

Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti dé, wọ́n bá a gbé àpótí wọlé. Wọ́n da omi inú kẹ́ẹ̀gì sí i, wọ́n kó ẹja sínú rẹ̀. Gbogbo wa kó ara wa jọ sí pálọ̀ Tíṣà, à ń wò. Adébíyìí ní àwọn ẹja náà ò tó ọbẹ̀ ẹnì kan. Tíṣà rẹ́rìn-ín sókè! Ó ń gbé àga, ó ń gbé omi, ó ń pe ènìyàn lórúkọ. Dígí délé láìfọ́, ẹja ò kú, ilé sì kún. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n a kì í bá ẹni tí kò ṣòfò sun ilé. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, wọ́n ń dìde. Tíṣà ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ pé, "Ẹ ò ní dúró kẹ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe ń jẹun?" Wọ́n ní ọjọ́ mìíràn ni. Èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá ra mílíìkì. Ó ní ìròyìn ti dé Kánádà, Màmá Oore-ọ̀fẹ́ sì ti pè. "Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò tíì kú o."

Mo ní, "Ṣé ẹ sọ fún un kó máa bọ̀?"

Ó ka ṣéńjì rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. "Mo sọ fún un pé àwọn ẹja ń ṣe dáadáa."

Ìgbà tó sọdá ni mo ṣàkíyèsí màrìwò náà. Rótìmí ti tú u kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi í há ẹnu géètì Tíṣà. Mo pè é láti òdìkejì, "Tíṣà, ẹ yọ màrìwò yẹn o!" Ó ní, "Màá yọ ọ́." Ó dúró tì í, ó fọwọ́ kàn án, ó fi í sílẹ̀, ó wọlé.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ń ti oko bọ̀. Ó rí màrìwò, ó dúró, ó gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀ níta, ó ṣí fìlà, ó wọ géètì. Tíṣà jáde sí i.

"Bàbá," ọkùnrin náà ní, "mo gbọ́ lóko pé wọ́n gbé òkú wọ ìlú lánàá. N ò mọ̀ pé ilé yín ni. Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ọlọ́un á tù yín nínú."

Mo dẹ etí. Mo ń dúró pé Tíṣà, olùkọ́ ìṣirò, àgbà ìjọ tó sọ pé irọ́ lẹ́ṣẹ̀, yóò sọ fún ọkùnrin náà pé kò sẹ́ni tó kú. Ó wo ọkùnrin náà. Ó wo màrìwò.

"Ẹ ṣé o," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."