Ilẹ̀ Tí A Kò Dúpẹ́ Fún

Ó yẹ kí n máa pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní "wọ́n", nítorí òun ló ṣáájú bàbá mi dé ayé. N kò ní ṣe é. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un tán lọ́jọ́ tí a ṣe fídáù ogójì bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. Kí àwọn àlejò tó jẹun tán, ó pe ìyá mi sí yàrá, ó ní orí ilẹ̀ ẹbí ni bàbá mi kọ́lé sí, ilé náà sì ti di ti ẹbí. Ó ní kí ìyá mi wá ibòmíràn lọ kí oṣù tó parí, nítorí obìnrin tí kò bí ju ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ kò ní nǹkan tí yóò dúró ṣọ́ níbẹ̀. Èmi ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, mo ń gbọ́.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, bàbá ọkọ mi. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn." Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń dúpẹ́ fún? Ọmọ Ẹ̀jìnrìn ni ìyá mi, bí wọ́n sì ṣe rí nìyẹn. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ni yóò bẹ̀ ọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a kó jáde tí ìyàwó tuntun ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń sá aṣọ sí àgbàlá tí ìyá mi ti ń yan ẹja láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Yàrá kan la háyà ní Ìkòròdú, nítòsí Ágíríìkì. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, èmi ni mo ń bá a tẹ ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń tẹ ìdájọ́ kan tí ó fẹ́ fi pamọ́. Ọkùnrin kan ló fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ẹlòmíràn wọ ibẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ síbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ìgbà tó lé ní ọdún méjìlá ló tó jí. Kóòtù ní kó padà lọ sùn. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bi lọ́yà bóyá ẹnikẹ́ni lè gba ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Rárá o. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló ní kí o máa gbé ibẹ̀, kódà kí o lo ọgọ́rùn-ún ọdún, àlejò ni ọ́. Tí o bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, ì báà ṣe iṣu kan ṣoṣo lọ́dún, àlejò ni ọ́. O ní láti wọ ibẹ̀ fúnra rẹ, lójú gbogbo ayé. Má tọrọ. Má fara pamọ́. Má sì dúpẹ́." Ó rò pé òfin ló ń kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń bá mi gé sí wẹ́wẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ágíríìkì. Ó rà á nígbà tí bàbá mi ṣì wà láyé, omi yọ sí i, ó fi í sílẹ̀. Ilé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló máa ń pè é bí ó bá fẹ́ dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyá mi pé ibẹ̀ là ń lọ.

"Ilẹ̀ onílẹ̀ ni o, ọmọ mi."

"Inú ilé onílé ni òun náà ń sùn, Màámi."

Wọ́n bá mi lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyẹ̀fun pákó láti ilé ìlagi, a ń dà á sínú àbàtà náà. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, yẹ̀pẹ̀, ohunkóhun tí ọmọlanke bá lè gbé. A gbin kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí etí rẹ̀. Nígbà tó yá, a kọ́ yàrá méjì, a gbẹ́ kànga, a mọ ògiri yí i ká. Lójú gbogbo ayé ni. Ọjọ́ tí a fi búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀, mo fi bírò pupa yí i po lórí kàlẹ́ńdà, ọdọọdún ni mo sì ń se ẹ̀wà lọ́jọ́ náà pín fún àdúgbò. Ìyá mi rò pé sàárà ni. Sàárà kọ́. Ọdún kan tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń jẹ.

Ọdún Iléyá ló máa ń nira jù. Ìyá mi yóò bu ẹran sínú abọ́, wọn yóò dé e, wọn yóò ní kí n bá wọn wá ẹni tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó gbé e fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ wọn lọ́dún àkọ́kọ́, mo tún gbà á lọ́dún kejì, n kò sì fi ránṣẹ́.

"Ẹran ọdún lásán ni."

"Lójú lọ́yà, ìṣákọ́lẹ̀ ni."

Láìpẹ́ a gbọ́ pé ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń sọ pé obìnrin Ẹ̀jìnrìn yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó dun ìyá mi débi pé wọn kò jẹ nínú ẹran náà. Èmi jẹ tèmi, mo sì fọ́ eegun rẹ̀.

Ọdún kẹwàá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jí. Fóònù alágbèéká ti dé ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ń ra ilẹ̀ kọ́lé káàkiri ọ̀dọ̀ wa, owó ilẹ̀ sì ti gun òkè. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú àgbà mẹ́rin láti Ẹ̀pẹ́. Ó jókòó sórí àga wa, ó wo ògiri, ó wo kànga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó àbúrò mi, mi ò bá tìjà wá. Mi ò sì ní kí ẹ kúrò. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé mi ò dí yín lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ kàn wí fún àwọn àgbà yìí pé ẹ dúpẹ́ ilẹ̀ tí mo fún yín. Ìyẹn nìkan ni."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ sọ pé ẹ ṣé, ìyá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ni kò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn dúpẹ́? Àmọ́ mo ti rí ìwé tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹ́ sórí itan rẹ̀ àti páàdì ìǹkì ìtẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ ìwé pẹ́ bíi tèmi lè kà á lódìkejì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nípa oore ọ̀fẹ́ rẹ̀ ni opó àbúrò rẹ̀ fi ń gbé orí ilẹ̀ náà. Òun náà ti rí lọ́yà tirẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ìyá mi ti ń kúnlẹ̀. Orúnkún wọn kan ti kan ilẹ̀, ẹnu wọn ti là. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn, mo fà wọ́n dìde níwájú àgbà márùn-ún. Gèlè wọn já bọ́.

Mo ní, "A ò dúpẹ́. Ẹni tó bá fún wa ní nǹkan la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún wa?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde. "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀? Kóòtù ni yóò sọ ẹni tó nilẹ̀!"

"Ẹ lọ sí kóòtù, Bàbá. Ẹ má gbàgbé láti ṣàlàyé fún wọn ìdí tí opó àbúrò yín fi ń gbé inú àbàtà, tí ilé ọkọ rẹ̀ sì wà ní Ẹ̀pẹ́."

Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi í sápò. Láwàní rẹ̀ tóbi ní Ẹ̀pẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í ní irú ìbéèrè yẹn níta gbangba. Kò lọ sí kóòtù lọ́dún yẹn, kò lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ìyá mi kò bá mi jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní mo sọ àwọn di aláìmoore lójú ẹbí ọkọ àwọn. Inú mi dùn débi pé n kò lè ṣe bí ẹni tó káàánú.

Lẹ́yìn tí ọdún méjìlá ti pé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ta ilẹ̀ náà fún ẹnìkan. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ onítọ̀hún kò rí inú ògiri wa wọ̀, a sì bá ara wa ní kóòtù. Adájọ́ bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé níbo ló wà ní gbogbo ọdún tí à ń kọ́lé. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo ti lọ jókòó síbi tí yóò ti rí mi bó bá gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n dá wa láre, ó gbójú sókè lóòótọ́, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. N kò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó ẹ̀rín yẹn rí.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìdájọ́ ni ìyá mi kú, lówùúrọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí nínú àìsàn náà. Wọ́n ní àyè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi nínú àgbàlá ní Ẹ̀pẹ́, kí n jọ̀ọ́, kí n bá wọn tọrọ rẹ̀. Mo ní màá ṣe é.

Àwọn obìnrin ń wẹ òkú wọn lọ́wọ́ nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí fóònù. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì sọ ohun tí ìyá mi fẹ́. Ó ní, "Ìnná lílláhì." Ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó.

"Ìjà wa, bíi ti ká kú kọ́. Àyè wà. Ẹ máa gbé e bọ̀. Àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí n tó kú. Sọ pé o dúpẹ́ ilẹ̀ mi."

Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí àgbà kankan tó ń gbọ́. Àkókò tó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti kọjá tipẹ́. Èmi tí mo ti tẹ ìdájọ́ fún gbogbo ọdún yẹn, mo mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ náà kò lè mú ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò lọ́wọ́ mi mọ́. Mò ń gbọ́ tí omi ń dà lára ìyá mi nínú yàrá. Mo la ẹnu.

Mo ní, "Ẹ pa àyè náà mọ́ fún ara yín." Mo sì gé fóònù náà.

Ẹ̀yìnkùlé Ìkòròdú la sin wọ́n sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn tó gbẹ́ sàréè fi garawa gbọ́n omi jáde kí wọ́n tó lè gbé wọn sínú rẹ̀. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé ohun tí ìyá mi fẹ́ nìyẹn, pé kí wọ́n sin àwọn sórí ilẹ̀ tí àwọn fi òógùn àwọn gbà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà kú kí ọdún tó yí po. N kò lọ. Àwọn tó lọ sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni wọ́n sin ín sí, ní àyè ìyá mi.