Imọ̀ Ọ̀pẹ Tí Bàbá Mi Yọ

Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Bódìjà ń yí okùn fáólíìnì wọn, kí ohùn rẹ̀ lè bára mu. Inú ẹlòmíràn a máa dùn sí ìró yẹn. Àyà tèmi ló máa ń já. Ẹ̀yin ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kì í jókòó nínú gbọ̀ngàn láì kọ́kọ́ ka ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1965, Ìbàdàn gbiná. Àwọn jàǹdùkú ń da bẹntiróòlù sára ènìyàn, wọ́n ń ṣá iná sí i. Wẹ́tíẹ̀ là ń pè é. Mọ́tò tí kò bá há imọ̀ ọ̀pẹ síwájú, mọ́tò ọ̀tá ni. Síbẹ̀, bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ara wọn, Màmá mi àti èmi ọmọdé, láti gbọ́ ẹgbẹ́ olórin ńlá kan tó ti òkè òkun wá.

Nígbà tí a dé iwájú gbọ̀ngàn náà, nítòsí Dùgbẹ̀, bàbá mi fọwọ́ ara wọn yọ imọ̀ ọ̀pẹ tó wà níwájú mọ́tò wa, wọ́n jù ú sí gọ́tà.

“Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé là ń lọ. A kì í gbé igbó lọ bá wọn.”

Bọ̀dá Àlàbí, àbúrò bàbá mi tó wa mọ́tò náà, bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, orin tí èèyàn ò lè jó sí! Ẹ máa lọ gbọ́ ọ. Èmi á sùn sínú mọ́tò ní tèmi.”

Nínú gbọ̀ngàn, góje kan tó ga ju bàbá mi lọ wà lórí pèpéle. Nígbà tí ìpín àkọ́kọ́ orin náà parí, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Bàbá mi yíjú sí wọn: “Kò tíì tán o!” Ojú tì wọ́n, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn la gbọ́ ìta.

“Imọ̀ ọ̀pẹ rẹ dà? Wẹ́tíẹ̀! Wẹ́tíẹ̀!”

Gíláàsì fọ́. Ẹnìkan ké.

“Àlàbí!” Bàbá mi fò dìde. Màmá mi jókòó lé etí agbádá wọn. Bàbá mi fà á, aṣọ ya. Wọ́n gbá Màmá mi létí, ẹ̀jẹ̀ bọ́ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n Màmá mi ti fi apá méjèèjì dì mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ wọn.

“Tíṣà, ẹ kúkú pa mí síbí. Ẹ ò ní jáde.”

Ọkùnrin kan níwájú wa sáré jáde lọ wo mọ́tò tirẹ̀. Àwọn jàǹdùkú ṣá a ládàá lórí àtẹ̀gùn. Àwọn tó wà nínú ilé sì ti gbogbo ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, Bọ̀dá Àlàbí ṣì wà nídìí ọwọ́ mọ́tò, èéfín ń rú lára wọn. Màmá mi fọwọ́ bò mí lójú. Ó ti pẹ́ jù, mo ti rí wọn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀rù bà wá pé ìyá bàbá mi yóò ṣépè fún Màmá mi, nítorí wọn kò jẹ́ kí bàbá mi lọ gba àbúrò wọn sílẹ̀. Màmá àgbà di Màmá mi lọ́wọ́ mú. “Ìyàwó mi, o ṣeun. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ ni ẹyọ kan ṣẹ́ kù fún mi.” Bàbá mi dìde, wọ́n jáde nínú pálọ̀.

Dùgbẹ̀ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ yín kò gbọ́ wẹ́tíẹ̀ rí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti di òbí, n kò sì tíì mọ ẹni tó jàre, bàbá mi tí wọ́n fẹ́ jáde ni o, Màmá mi tí wọ́n dì wọ́n mú ni o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá mi wà láyé títí mo fi bí àkọ́bí mi. Wọ́n gbé e, wọ́n pè é ní Àlàbí, wọ́n sì rọra gbé e lé Màmá mi lọ́wọ́.