Ẹsẹ̀ Ẹṣin Lórí Títì Ọlọ́dà

"Ẹ dákẹ́ ná!" Baba náà na ọwọ́ sókè, ó fẹ́ gbọ́ ìró pátákò. Wọ́n ń fa ẹṣin pupa bọ̀ nínú àgbàlá. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún sílẹ̀, á tún tètè gbé e, bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀.

Aládùúgbò wa ní Apòmù ni baba yìí. Àbúrò rẹ̀ tó ń ra kòkó ló ni ẹṣin, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n ṣe ń ti Yídì bọ̀, àbúrò fi ẹṣin sáré lórí títì ọlọ́dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kí aráyé lè gbọ́ bí pátákò rẹ̀ ṣe ń dún. Èmi gan-an ni mo pariwo jù: "Ẹ tún un ṣe!" Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oríkèé ẹsẹ̀ ẹṣin ti wú, ó sì gbóná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká pe alápatà kó tó rù," àbúrò wí.

"Alápatà kẹ̀? Orúnkún tìrẹ náà ń dùn ọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, ta ló pe alápatà sí ọ? Fún mi láyè di ìgbà tí oṣù mìíràn bá lé."

Láràárọ̀ ni mo ń tẹ̀ lé baba. Á kọ́kọ́ mú ẹṣin dúró nínú omi odò tútù, òórùn òógùn ẹṣin á gba imú mi. Lọ́jọ́ kan, mo fà á sórí iyanrìn funfun etídò, mo rò pé ó rọ̀ fún un.

"Má fà á síbẹ̀, ọmọ mi. Títì ọlọ́dà ń ṣe oríkèé léṣe, iyanrìn tó jìn ń fa iṣan. Ilẹ̀ tí kò le jù, tí kò sì rọ̀ jù, là ń wá."

Abẹ́ igi kòkó lọ́nà Ìkòyí la ti rí i, níbi tí ewé ti jẹrà mọ́ ilẹ̀ pupa. Ibẹ̀ ló ti ń fà á rìn, wọ́ọ́rọ́wọ́, kò gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì tí oṣù lé, alápatà tí àbúrò pè ti jókòó sórí àpótí ní àgbàlá. Àbúrò gba okùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sáré díẹ̀, ẹṣin náà sáré tẹ̀ lé e. Ẹṣin yí sọ́tùn-ún, ó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ̀.

Alápatà dìde. "Ẹ jẹ́ n máa lọ o. Ara eléyìí le ju tèmi lọ."

Baba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi fìlà nu ojú. Èmi sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún ayọ̀.

N kò ní ẹṣin rí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, tí bàbá rẹ̀ ń bá a wí pé ọ̀lẹ ni, mo kọ́kọ́ lọ wo ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Sìmẹ́ǹtì ni. A gbé e lọ sórí koríko, ara rẹ̀ sì yá. Láti ilé baba yẹn ni mo ti kọ́ láti má tètè dá ẹsẹ̀ lẹ́bi.