Ọwọ́ Òsì Rùkáyátù

Nílé Àlàájà Hàlímátù ní Ìkòsì, kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ẹlòmíràn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé náà, ojú mi ló sì ṣe nígbà tí ayálégbé kan gbé ìrẹsì Kérésìmesì wá tó fi òsì gbé e kalẹ̀. Àlàájà ní kó gbé e jáde. Ó gbé e jáde, ó fi ọ̀tún gbé e wọlé, ìgbà náà ni wọ́n tó ṣe àdúrà fún un.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọmọ onílẹ̀ ni Àlàájà, ilé baba tí wọ́n ní láti júwe sì pọ̀ díẹ̀. Wọn kì í na ọmọ, wọn kì í pariwo. Ikọ́ lásán ni wọ́n máa ń wú, ẹyọ kan, bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun, ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò sì tún ara ṣe. Ikọ́ yẹn bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì. Mo dúpẹ́, mo sì bínú sí i.

Rùkáyátù, ọmọ ọmọ wọn, pé ọdún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lójúmọ́ kò ju méjì lọ, dókítà sì ní ọ́tísíìmù ni. Ilé-ìwé tí ìyá rẹ̀ rí fún un ní àwọn fẹ́ rí ìwé àyẹ̀wò tó sọ bí òye rẹ̀ ṣe tó. Bí ìwé náà kò bá dára, àárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọn yóò fi í sí. Ìyá rẹ̀ kò ráyè kúrò níbi iṣẹ́, ló bá bẹ̀ mí pé kí n sin Àlàájà àti ọmọ náà lọ sí ibi àyẹ̀wò ní Ògùdù.

Aunty Adédiwúrà tó ń ṣe àyẹ̀wò náà ṣàlàyé pé òun ti yọ gbogbo ìbéèrè tó ń fẹ́ ìdáhùn ẹnu kúrò, nítorí àìsọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe àìlóye. Ó kó àwọn igi kéékèèké onígun mẹ́rin jáde, tó ní ojú pupa àti ojú funfun. Ọmọ yóò wo àwòrán, yóò to igi kó bá a mu, aago yóò sì máa lọ.

Rùkáyátù wo àwòrán. Ọwọ́ òsì rẹ̀ dìde. Àlàájà wúkọ́. Ọwọ́ náà padà sábẹ́ itan, ọmọ sì jókòó lé e. Ó wá ń fi ọ̀tún ti igi kiri títí méjì fi jábọ́, tí àkókò fi tán. Bí ti èkejì àti ẹ̀kẹta ṣe lọ nìyẹn. Aunty Adédiwúrà bu omi fún Àlàájà, ó ní ọyẹ́ yìí ń yọ àwọn àgbà lẹ́nu. Wọ́n mu ún, wọ́n sì fi ojú sọ fún mi pé kí n wo bí ọmọ àwọn ṣe mọ ìjókòó.

Tí Àlàájà bá ti lọ kírun, ọwọ́ òsì yẹn ló máa ń to bọ́tìnì mi ní àwọ̀ àti ní ìwọ̀n, tí èmi tí mo ni bọ́tìnì kò lè tò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá onílé ni ìyá onílé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì títí Aunty fi ní, "Sọ́rì mà, ó jọ pé ó pọ̀ jù fún un."

Mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, òsì lọmọ yìí ń lò."

Wọ́n wò mí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí màá gbé máṣíìnì mi lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra bi Aunty bóyá ọwọ́ lásán lè mú kí ọmọ dà bí ẹni tí kò gbọ́n. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun kò lè tún èyí tó ti lọ ṣe, ṣùgbọ́n irú àyẹ̀wò náà mìíràn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àti pé àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ wà fún ìfihàn, kò ní máàkì.

Àlàájà ní, "Rùkáyátù, mú ọwọ́ ẹ jáde."

Kò mú un jáde. Ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà ló ń wò, ó ń retí ikọ́. Wọ́n tún un sọ, ó tún fi itan tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ sí i. Òfin tí wọ́n fún un ló ń pa mọ́, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú òfin.

Ni Àlàájà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, bá na ọwọ́ òsì tiwọn. Wọ́n fi mú igi pupa kan, wọ́n sì nà án sí ọmọ náà lójú ará ìta.

"Gbà á, ìyá mi."

Rùkáyátù fi òsì gbà á. Ó to ti ìfihàn, ó to èyí tó tẹ̀ lé e, ó to ẹ̀kẹta. Èmi ṣì ń da orí síbí sọ́hùn-ún láti mọ ibi tí àwòrán kẹrin dojú kọ nígbà tí òun parí rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì fún igi sí i. Àlàájà di ọwọ́ náà mú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni ì bá ba ọmọ náà jẹ́.

Aunty Adédiwúrà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ fún un. Aago ń lọ."