Ayò Èmi àti Bàbá Ìyàwó Mi

Kí fóònù alágbèéká tó dé ọ̀dọ̀ wa, ní ọdún tí owó sẹ́fà wó lulẹ̀, ìyàwó mi lọ bí àkọ́bí wa sílé bàbá rẹ̀ ní Savalou. Èmi ń ránṣọ ní Bantè. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ló yẹ kí ó padà, kò padà. Bàbá ní ọmọ náà ti mọ́ òun lára. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àna kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Awakọ̀ ará Pira kan tó ń ná ọ̀nà náà ló mú èsì dé: "Bàbá ní bí o bá pa òun láyò, òun á dá wọn padà."

Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀ta ayò ni bàbá, pé ọ̀pẹ lèmi? Àna kì í sì í dojú kọ bàbá ìyàwó rẹ̀ nídìí ọpọ́n. Nítorí náà, ọpọ́n kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹnu awakọ̀ ló sì ń gbé títa wa lọ, tó ń gbé e bọ̀.

"Bàbá ta ojú karùn-ún. Ó ní ṣé abẹ́rẹ́ lo fi ń ronú ni?"

Àna kì í fi bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Awakọ̀ ló ń bá mi fèsì: "Mo ti sọ fún un pé odù ọmọ ayò tó ń kó jọ sójú kan yẹn á há a lọ́rùn. Èmi ni mo sọ ọ́ o, kì í ṣe ìwọ."

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Mo ń ránṣọ, mo ń nu eruku ojú títì kúrò lára ọmọ ayò. Nígbà mìíràn màá rí ọmọ ayò tí mo lè jẹ nílé bàbá lórí ọpọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í gbà; màá ta ibòmíràn, bí ẹni tó yà fún àgbà lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kò tilẹ̀ pa ọkọ̀. "Ìyàwó rẹ ní kí n bi ọ́, ṣé ayò lò ń ta ni, àbí bàbá òun lò ń kí? Ó ní eyín ti hù lẹ́nu ọmọ."

Mo wo ọpọ́n. Ó ti rẹ̀ mí. "Sọ fún bàbá pé mo ta ojú kejì, mo jẹ mẹ́ta. Sọ pé mo dọ̀bálẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, mo ń jẹ ohun tó bá tó jẹ. Ó ti mọ́ bàbá lára pé n kò ní jẹ, kò sì ṣọ́ ilé mọ́. Kó tó fura, ilé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, mo sì pa á láyò.

Awakọ̀ kó ìyàwó mi àti ọmọ dé ní ìrọ̀lẹ́ kan. "Bàbá ní ọ̀pẹ tó ń dọ̀bálẹ̀ jẹni ló burú jù."

Awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́ sí ọmọ. Ó wò mí, ó sì fi ojú pamọ́ sí ọrùn ìyá rẹ̀.

"Fi sílẹ̀ ná," ni ìyàwó mi wí. "Kò mọ̀ ọ́."